Síìlì Titun Lórí Irin Tí Ó Ti Jẹ

Bí epo bá ń jò níwájú ẹ́ńjìnnì Morris Minor, ọkọ̀ tí a bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní Cowley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1948, mẹkáníìkì a yọ púlì, a sì fi síìlì titun dí ọ̀nà epo. Ṣùgbọ́n bí síìlì àtijọ́ bá ti jẹ ojú irin púlì náà ní ojú ìlà ńkọ́? Titun pẹ̀lú lè jò. Síìlì nìkan ni ọlọ́kọ̀ ní kí ó pààrọ̀. Ó pààrọ̀ rẹ̀, ó gbowó. Kò purọ́. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, olóòótọ́ ha ni bí? Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti kan ibi tí irin gbé jẹ. Ọlọ́kọ̀ kò mọ̀. Ìbá pè é wá wò ó, kí ó tó dá púlì padà.