Ta Ni Wọ́n Lọ Bẹ̀ Nínú Ọ̀ṣẹ́ Òtúrá?

Àwọn kan ń kìlọ̀ pé ìwé àjẹ́ ni Witchcraft for Wayward Girls tí Grady Hendrix gbé jáde ní 2025, pé kì í ṣe ohun tó yẹ kí ọmọ awo fọwọ́ kàn. Mo kà á tán. Ohun tó dẹ́rù bà mí níbẹ̀, ọwọ́ àjẹ́ kọ́ ló ti wá.

Ọdún 1970 ni ìtàn náà. Bàbá kan wa mọ́tò láti Alabama, ó lọ já ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún 15 sílẹ̀ nílé kan ní Florida, níbi tí wọ́n ń fi àwọn ọmọbìnrin tó lóyún láìlọ́kọ pamọ́ sí. Wọ́n gba orúkọ lára wọn, wọ́n ń fi orúkọ ewéko pè wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn, Holly, kò ju ọmọ ọdún 14 lọ. Pásítọ̀ ìjọ wọn ló fún un lóyún. Bí wọ́n bá bímọ tán, ọmọ á bá ẹlòmíràn lọ, ìyá á padà sílé bí ẹni tí kò bímọ rí. Ìtàn àròsọ ni o, ṣùgbọ́n irú ilé bẹ́ẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà nígbà náà, wọ́n sì pọ̀. Ann Fessler, tó jókòó gbọ́ tẹnu àwọn ìyá náà, kọ ọ́ pé àwọn obìnrin tí ọmọ bọ́ lọ́wọ́ wọn láti ìparí Ogun Àgbáyé Kejì títí di 1973 tó mílíọ̀nù kan àbọ̀.

Odù Ifá tí à ń pè ní Ọ̀ṣẹ́ Òtúrá ló wá sí mi lọ́kàn. Àwọn irúnmọlẹ̀ mẹ́rìndínlógún ò ka Ọ̀ṣun kún, ohun gbogbo dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n tọ Olódùmarè lọ, ó béèrè Ọ̀ṣun tó jẹ́ ẹnìkẹtàdínlógún wọn, wọ́n sì lọ bẹ̀ ẹ́ nígbà tó wà nínú oyún. Ó ní bí òun bá bí ọkùnrin, ọmọ náà ni yóò máa bá wọn lọ.

Ibí yìí ni èmi àti ọ̀pọ̀ awo ò ti gbà fún ara wa. Wọ́n ń túmọ̀ ẹsẹ yìí bí ẹni pé ọmọ nìkan ni wọ́n wá gbà: ọmọ dé, ayé tòrò, ó tán. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí la fi sàn ju àwọn ará Florida lọ? Àwọn náà fẹ́ ọmọ, ìyá ni wọn ò fẹ́. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe tò tẹ̀lé ara wọn. Ẹnìkẹtàdínlógún wọn ni Olódùmarè béèrè, kò béèrè oyún. Wọ́n ti dọ̀bálẹ̀ fún Ọ̀ṣun kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ bóyá akọ ni tàbí abo. Ẹnu Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ sì ni àdéhùn ọmọ ti jáde. Òun ló sọ ibi tí ọmọ òun máa lọ.

Wọ́n á ní Ọ̀ṣun kì í ṣe ọmọdébìnrin tó ṣìnà. Mo gbà. Ṣùgbọ́n níbo ni Olódùmarè ti béèrè ọkọ rẹ̀ kó tó dá àwọn mẹ́rìndínlógún lẹ́bi? Àwọn tó sì ń wí bẹ́ẹ̀, mi ò gbọ́ kí wọ́n bi pásítọ̀ Holly ní ìbéèrè kankan. Ní Èkó níbí, ní 2019, ọlọ́pàá kó obìnrin 19 jáde láwọn ilé tí wọ́n ti ń fún wọn lóyún láti ta ọmọ wọn. Ẹni tó kéré jù nínú wọn jẹ́ ọmọ ọdún 15. Ìṣìnà ta nìyẹn?

Bí wọ́n bá mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wá sídìí ọpọ́n, tí Ọ̀ṣẹ́ Òtúrá sì hù, ẹbọ àkọ́kọ́ ni kí bàbá tó lé e jáde wá bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí awo tó bi í, òun fúnra rẹ̀, ohun tó fẹ́.