Ta Ni Ó San Owó Omi?

Àwọn baba wa máa ń sọ pé omi kò ní ọ̀tá. Ẹni tí ó bá bínú sí omi, òùngbẹ ni yóò fi gbẹ̀yìn. A kò bá òwe náà jà, ṣùgbọ́n a ti dé etí adágún kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó mú kí á tún un gbé yẹ̀ wò.

Haweswater ni wọ́n ń pè é, láàárín àwọn òkè Cumbria ní ìhà àríwá. Àwa díẹ̀ láti Kennington àti Peckham ni a háyà bọ́ọ̀sì, tí a sì gba ọ̀nà M6 lọ síbẹ̀, nítorí pé àwọn ọmọ wa kò mọ omi mìíràn ju odò Thames lọ. Yìnyín ni ó gbẹ́ àfonífojì náà, ó lé ní 10,000 ọdún sẹ́yìn. Yìnyín ńlá náà ń wọ́ lọ díẹ̀díẹ̀, ó ń ha àpáta bí ẹni ń fi ọkọ́ ha ilẹ̀. Nígbà tí ó yọ́, omi dúró sínú kòtò tí ó gbẹ́. Ibẹ̀ rẹwà, ó sì dákẹ́ tóbẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ tí kì í dákẹ́ fi rẹ ohùn wọn sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe yìnyín nìkan ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Ní 1919, òfin fún ìlú Manchester láṣẹ láti máa fa omi ibẹ̀. Ní 1929 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ odi ńlá tí wọn yóò fi sé e, omi sì ga sí i ní nǹkan bí mítà 29. Abúlé Mardale Green wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, ti òun ti ilé ọtí rẹ̀ àti ṣọ́ọ̀ṣì kékeré rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ 1935 ni wọ́n ṣe ìsìn ìkẹyìn. Wọ́n wó ṣọ́ọ̀ṣì náà. Wọ́n hú àwọn òkú inú ọgbà rẹ̀, wọ́n sì lọ tún wọn sin sí Shap. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ rọra tún un kà: wọ́n hú òkú. Àwa tí àwọn baba wa ń sin òkú sínú ilé kí ilé má baà dahoro, a mọ ohun tí ìyẹn jẹ́.

Ǹjẹ́ ó tọ́ kí abúlé kan parẹ́ kí ìlú ńlá lè mu omi? Ìyá àgbà kan tí ó bá wa lọ kò fi àkókò ṣòfò: “Ṣé kí òùngbẹ wá pa àwọn ọmọ Manchester ni?” Ọ̀rọ̀ ìyá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni a ń ṣe jẹun, a sì mọ bí àròpọ̀ ṣe máa ń dùn mọ́ni. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ẹnì kan ni èrè yìí wà, nínú ìwé ẹlòmíràn ni àdánù wà. Ẹni tí ó bá da méjèèjì pọ̀, tí ó ní èrè ni ó gbẹ̀yìn rẹ̀, ó ti fa ìwé aládùúgbò rẹ̀ ya.

Kí á má sì rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó lèyí. Nígbà tí omi Kainji kún ní 1968, ó bo Bussa Àtijọ́ àti ọ̀pọ̀ abúlé. Nǹkan bí 44,000 ènìyàn ni ó kó kúrò nílé wọn. Iná ibẹ̀ tàn dé Èkó àti Ìbàdàn. Àwa tí a fi kàwé kí a tó rékọjá sí òkè òkun, mélòó nínú wa ni ó béèrè ilé ẹni tí ó rì? Èébú NEPA nìkan ni a mọ̀, nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ.

Wọn yóò ní a ti san owó gbà-má-bínú. Ẹ gbọ́ orúkọ owó náà dáadáa. Gbà, má bínú ni. Kì í ṣe gbà, kí á gbàgbé. Lójú tiwa, ẹni tí ó kàn mu omi kò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ó jẹ gbèsè: kí ó mọ ẹni tí ó ṣí kúrò nítorí tirẹ̀, kí ó sọ fún ọmọ rẹ̀, kí ó sì lanu sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bá tún fẹ́ ṣí ẹlòmíràn nídìí.

Nígbà ọ̀dá, bí irú ti 1984 àti 1995, omi a máa fà tó bẹ́ẹ̀ tí ògiri Mardale yóò yọ, tí àwọn ènìyàn yóò wá ya fọ́tò. Omi kún ní ọjọ́ tiwa, a kò rí nǹkan kan. Bí a ti ń bọ̀, a ní kí awakọ̀ yà sí Shap. Àwọn àgbà kan jókòó sínú bọ́ọ̀sì, wọ́n ní òkú olókùú kò kan àwọn. Àwọn ọmọ ni ó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀.