Ta Ni Ó Lè Kọ Orin Ìlú Mímọ́?

Ohun tí ń sọ orin di ti Ọlọ́run, yálà ẹnu tí ń kọ ọ́ ni, tàbí ilé tí a ti ń kọ ọ́, tàbí ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀, jẹ́ ọ̀ràn tí àwa onígbàgbọ́ ti ń bá ara wa fà láti ọjọ́ pípẹ́, n kò sì mọ ibi tí ó ti díjú ju inú àwọn àwo ìbẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Genesis lọ.

Ọmọ ilé-ìwé Charterhouse ni Peter Gabriel, Tony Banks, Mike Rutherford àti Anthony Phillips nígbà tí Jonathan King, ẹni tí ó ti ṣáájú wọn jáde níbẹ̀, fi orúkọ ìwé kìíní Mose sọ wọ́n. Àwọn àgbà ní orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ. Tiwọn kò pẹ́ kí ó tó ro wọ́n, nítorí nígbà tí àwo wọn àkọ́kọ́, From Genesis to Revelation, jáde ní 1969 nínú páálí dúdú tí kò ní àwòrán, àwọn òǹtajà kan kà á sí orin ìsìn, wọ́n tò ó mọ́ orin ìjọ, níbi tí ọ̀dọ́ tí ń wá rọ́ọ̀kì kì í yà sí. Àwo náà kò tà.

Trespass tẹ̀ lé e ní 1970, Nursery Cryme ní 1971, lẹ́yìn tí Phil Collins onílù àti Steve Hackett onígìtá ti dara pọ̀ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n Foxtrot ti 1972 ni ó yẹ kí a jókòó tì. Orin kan wà níbẹ̀, Supper's Ready, tí ó gùn tó ìṣẹ́jú 23, tí ó bẹ̀rẹ̀ nínú ilé tọkọtaya, tí ó gba ojú ogun kọjá, tí ó sì ya sínú ẹ̀fẹ̀ (mo mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ náà kò bá àwọn kan lára mu), kí ó tó kan àsè-alẹ́ ńlá tí ìwé Ìfihàn sọ tẹ́lẹ̀. Níbẹ̀ ni gìtá àti ìlù ti ń lọ ní ìró tí a ń kà ní mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án, tí dùùrù Banks sì ń gba ọ̀nà tirẹ̀ lórí wọn bí ẹni tí kò gbọ́ wọn, títí ara olùgbọ́ yóò fi bù máṣọ. Lẹ́yìn èyí ni Gabriel wá ké pe Jerúsálẹ́mù Titun, ìlú Atẹ́rẹrẹ-káyé.

Àwọn kan yóò ní ọ̀ṣọ́ lásán ni wọ́n fi Bíbélì ṣe, àti pé ẹnu tí kò jẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ kò yẹ ní ẹni tí ń dárúkọ ìlú náà. Ṣùgbọ́n Bálámù kì í ṣe ọmọ Ísírẹ́lì, ọ̀rọ̀ owó ni ó sì bá dé, síbẹ̀ ìre tí ó sú kò tìtorí rẹ̀ bà jẹ́. Èmi kò pe Supper's Ready ní orin ìsìn, nítorí orin ìsìn a máa béèrè ẹ̀jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ń kọ ọ́, èyí kò sì béèrè kankan. Ohun tí mo ń wí ni pé ẹni tí ó jẹ́ kí ẹ̀rù ìdájọ́ ṣáájú ayọ̀ ìlú náà, gẹ́gẹ́ bí Jòhánù ti tò ó, ti fara balẹ̀ ka ìwé náà ju ọ̀pọ̀ nínú wa tí ń sáré lọ sí orí 21 lọ. Kí òǹkàwé mi kọ́kọ́ ka orí 19, kí ó wá gbé ojú kejì Foxtrot sórí ẹ̀rọ.