Ìpápánu Ọdún àti Òógùn Ẹni Tó Dín In

Bí ààwẹ̀ Rámádánì bá ti ń lọ sópin, òórùn ilé àwa Mùsùlùmí a yí padà. Ìyá yóò po ìyẹ̀fun mọ́ bọ́tà, ṣúgà, ẹyin àti mílíìkì, yóò fi ìgò yí i pẹrẹsẹ, yóò gé e wẹ́wẹ́, yóò sì dín in nínú òróró títí yóò fi pọ́n. Ṣíńṣín ọdún nìyẹn. Ilé mìíràn a ṣe pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù. Ní Ìlọrin, ẹ ó bá máásà. Ẹni tó fẹ́ yan kéèkì tí kò ní ófùnù, yanrìn ni yóò dà sínú ìkòkò ńlá, yóò gbé e kaná títí yanrìn yóò fi gbóná, yóò gbé agolo kéèkì lé e lórí, yóò sì dé e pa. Ọwọ́ ìyá ni ọmọ ti ń kọ́ irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀.

Kò sí èèwọ̀ níbẹ̀. Anas ọmọ Màlíkì gbà á wá pé Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kì í jáde lọ kí ìrun ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ láìjẹ dàbínù, iye tí kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba ni ó sì máa ń jẹ. Adùn ti bá òwúrọ̀ ọjọ́ náà tan láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Àwọn ará Tọ́kì tilẹ̀ ń pe ọdún náà ní Ọdún Ṣúgà.

Ìbéèrè tí a fẹ́ bi ara wa ni èyí: bí adùn ọdún bá gba ọdún lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é, ǹjẹ́ ó ṣì tọ́ bẹ́ẹ̀? Ẹ wo òru mẹ́wàá ìgbẹ̀yìn, èyí tí a ń wá Lailatul-Kadiri nínú rẹ̀. Bàbá wà ní mọ́sálásí, ìyá wà nídìí agbada òróró. Ilẹ̀ ọjọ́ ọdún mọ́, bàbá àti àwọn ọmọ wọ aṣọ tuntun, wọ́n kọrí sí yídì. Ìyá àti àgbà nínú àwọn ọmọbìnrin ṣì ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn. Wọ́n á ní kí a máa lọ, àwọn ń bọ̀. Ìrun á parí, wọn ò ní tíì dé. Bẹ́ẹ̀ hádíìsì Umm Atiyya hàn kedere: Ànábì pàṣẹ pé kí a mú àwọn obìnrin jáde lọ́jọ́ ọdún méjèèjì, títí kan àwọn tó ń ṣe nǹkan oṣù, tí wọn kò ní kírun, kí àwọn náà lè pín nínú oore ọjọ́ náà àti àdúà rẹ̀. Ta wá ni àwa tí a fi ṣíńṣín dá wọn dúró?

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò le: kí á lọ ra èyí tí wọ́n ti dì sínú ọ̀rá. A kò bá wọn jà. Opó tó ń dá tọ́mọ, nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ ọdún, kí wọ́n rà á, kí wọ́n sinmi. (Ẹni tó ń jẹ gbèsè nítorí kí abọ́ rẹ̀ lè ga ju ti aládùúgbò, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀, fàrí ni.) Ṣùgbọ́n nǹkan ń sọnù bí gbogbo ilé bá ń rà. Abọ́ tí a gbé fún aládùúgbò wa tó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, tí òun náà sì bu ìrẹsì sí padà nígbà Kérésìmesì, ó ń sọ fún un pé a rántí rẹ̀ nígbà tí a ń ṣe é. Ọ̀rá ilé ìtajà kò lè sọ bẹ́ẹ̀ tán.

Lójú tiwa, kì í ṣe ìpápánu ló jẹ̀bi, bí a ṣe pín iṣẹ́ rẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n bi ìyá wa Aisha léèrè ohun tí Ànábì máa ń ṣe nínú ilé, ó ní iṣẹ́ ilé ni ó máa ń bá àwọn ará ilé rẹ̀ ṣe. Bí àkókò ìrun bá sì tó, a jáde lọ kírun. Ẹ̀yin ọ̀dọ́mọkùnrin wa, iṣẹ́ agbára ni pípo ìyẹ̀fun. Ẹ̀yin tí ẹ ń pè é ní iṣẹ́ obìnrin, ẹ dé ilé búrẹ́dì nígboro kí ẹ wo àwọn tó ń pò ó níbẹ̀: ọkùnrin ló pọ̀ jù, ẹnikẹ́ni kò sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Kò sì sídìí tí gbogbo rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ di àìsùn. Ṣíńṣín tó gbẹ dáadáa, tí a jẹ́ kó tutù kí a tó kó o sínú agolo tó ní ìdérí líle, kì í tètè bàjẹ́. A lè dín in tán kí òru mẹ́wàá ìgbẹ̀yìn tó wọlé, kí bàbá àti àwọn ọmọkùnrin máa gé e lẹ́yìn ìṣínu. Pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù ni kì í pẹ́ kó tó le. Ìyẹn, ẹ jẹ́ kí gbogbo ilé ti yídì dé ná kí ẹ tó gbé òróró kaná. Àlejò tí kò bá lè dúró, ẹ fún un ní ṣíbí kó máa bá yín yí i.