Ọtí, Oògùn Olóró àti Ọmọ Wa Tó Ti Kó sí I

Bismillāhir-Rahmānir-Rahīm. Gbogbo ọpẹ́ jẹ́ ti Allāhu, Ọba tó fi làákàyè yẹ́ ọmọ Ádámọ̀ sí. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kó máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀. Ẹ̀yin ẹrúsìn Allāhu, a ń kìlọ̀ fún yín, a sì ń kìlọ̀ fún ara wa: ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rù Ọlọ́run.

Allāhu kò fi òfin de ọtí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nínú Sūratul-Baqarah, Ó jẹ́ kí á mọ̀ pé aburú inú rẹ̀ ju oore rẹ̀ lọ. Nínú Sūratun-Nisāi, Ó kọ̀ fún ẹni tí ọtí ń pa láti súnmọ́ ìrun. Lẹ́yìn èyí ni Sūratul-Māidah sé ọ̀nà rẹ̀ pátápátá, tí àwọn ará Mẹ̀dínà sì da ọtí wọn nù sí ìgboro. Ohunkóhun tó bá ń pa ènìyàn bí ọtí, ìdájọ́ ọtí ló wà lórí rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé egbògi lásán ni páràga, tàbí pé kò rí orúkọ igbó nínú Alùkùráánì.

Ìwádìí ọdún 2018 fi hàn pé ènìyàn mílíọ̀nù 14.3, láti ẹni ọdún 15 sí 64, ló lo oògùn olóró ní Nàìjíríà láàárín ọdún kan. Ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn tiwa, nínú ènìyàn 100, ó lé ní 22. Wọn kò ka ọtí mọ́ ọn. Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ Èkó ni. A ń rí i ní Ìjerò, ní Àrámọkọ, ní Ẹ̀fọ̀n. Ọlọ́kadà ń gbé tramadol mì kí ó lè ṣiṣẹ́ dòru; awakùsà ń gbé e mì kí ẹ̀yìn má dùn ún. Oògùn ìrora ńlá ni, dókítà ló ń fúnni. Bí ara bá ti mọ̀ ọ́n, ẹyọ kan á di méjì, méjì á di káàdì kan, gìrì sì lè tẹ̀ lé e.

Ẹni tó ti kó sí i ńkọ́? Ní ayé Ànábì, wọ́n ń mú ọkùnrin kan wá léraléra nítorí ọtí. Ìjìyà òfin kò yẹ̀ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹnìkan ṣépè fún un, Ànábì kọ̀ ọ́, ó sì jẹ́rìí pé ọkùnrin náà fẹ́ràn Allāhu àti Òjíṣẹ́ Rẹ̀.

Àwa náà jẹ̀bi níbí. Ọmọkùnrin kan wọ mọ́sáláásí yìí wá ní àsìkò Sùbúì, òórùn ọtí ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó yẹ kí á fi í jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí ojú rẹ̀ á fi dá. Àwa la ní kí wọ́n lé e síta. Kò padà wá mọ́. Ìyá rẹ̀ ṣì ń kírun lẹ́yìn wa, ojú rẹ̀ sì ń tì wá.

Ẹ má fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wo àìsàn. Ní ọdún 2019, inú ọgbà mọ́sáláásí kan ní Òjòó, Ìbàdàn, ni ọlọ́pàá ti tú ènìyàn tó lé ní 250 sílẹ̀. Ilé ìtọ́jú ni wọ́n pe ibẹ̀. Ẹni tí ọtí bá ti wọ̀ lára gidi, bí a bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì nínú ilé, ó lè kú. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Adó tàbí Ìdó-Èkìtì. Arò ní Abẹ́òkúta náà ti ń tọ́jú irú wọn tipẹ́. Kí ẹni tó ń tà á sì mọ̀ pé sàká kò lè fọ owó náà mọ́.

Bí ẹ bá rí ọmọkùnrin náà, ẹ sọ fún un pé ààyè rẹ̀ ṣì wà nínú sàfù wa. Kí Allāhu foríjì wá, kí Ó wo àwọn ọmọ wa sàn, kí Ó dá wọn padà sílé. Àámín.