Àjẹ́ Ké Lánàá, Ọmọ Kú Lónìí

Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Nínú ìjókòó ẹbí, òwe yìí kì í sábà ní àjẹ́ kankan nínú. Ọkùnrin kan ló halẹ̀ lánàá pé bí òun ò bá rí ìpín òun gbà nínú oko kòkó, gbogbo ilé á mọ̀. Ilẹ̀ mọ́, abà ti jóná. Àgbà kan á pa òwe náà, á sì dákẹ́, gbogbo ojú á yí síbì kan náà.

Mo fara mọ́ òwe náà títí débẹ̀. Igbe àná kì í ṣe àhesọ. Ẹni tó ké ló fẹnu ara rẹ̀ ké e. Ẹni tó bá fìkà halẹ̀ kò gbọdọ̀ bínú bí a bá kọ́kọ́ bi í léèrè. Bi í léèrè ni mo wí o! Òwe náà kò dúró bèèrè. Ó ti dájọ́ kó tó ro ẹjọ́, ó sì fi ìbéèrè tí kò fẹ́ ìdáhùn parí rẹ̀, nítorí ẹni tó bá ní "èmi ò mọ̀" á di ẹlẹgbẹ́ àjẹ́ lójú ẹsẹ̀. Bó bá jẹ́ ibà ló pa ọmọ náà ńkọ́?

Ní Ìdóàní, àbúrò mi kan àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń gbá géèmù lórí fóònù, èyí tí kálukú ti ń jẹ́ akọni kan, tí á sì máa kọ ohun tí akọni rẹ̀ ṣe. Tirẹ̀ jẹ́ ọmọlúàbí jagunjagun tó kórìíra idán. Kì í purọ́, kì í lu ẹni tó ti wólẹ̀, bó bá sì gbọgbẹ́, kò jẹ́ fẹnu kan àgbo onídán. Lóru ọjọ́ kan, ìlú kan jóná nínú eré náà. Ní ìdájí, wọ́n rí arúgbó onídán kan létí odò, èéfín ń rùn lára aṣọ rẹ̀. Àbúrò mi tẹ òwe yìí sórí fóònù, ó fa idà yọ. Ẹnì kan kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ta ló rí i tó ń ṣáná?" Ni ìjà bá dé, ni wọ́n bá pè mí sí i. Mo ní kí wọ́n jẹ́ n ka ohun tí ẹni tó ń darí eré kọ. Ó ti kọ ọ́ gedegbe pé akèrègbè omi wà lọ́wọ́ ìyá náà. Kò sẹ́ni tó ka ibẹ̀.

Irú akọni bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Nínú Unearthed Arcana, ìwé tí wọ́n fi kún irú eré bẹ́ẹ̀ kan tó ń jẹ́ Dungeons & Dragons lọ́dún 1985, jagunjagun kan wà tí kì í lo ohun onídán, tó ń gba máàkì bó bá fọ́ ọ. Ohun tó wù mí níbẹ̀ ni pé bó ṣe ń dàgbà nínú eré ni ìkórìíra náà ń rọ̀.

Àwa náà ti dá irú ẹjọ́ arúgbó yẹn láìsí fóònù. Ní ìparí ọdún 1950, àwọn Àtíńgà gba Dàhòmì wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, láti Gold Coast, pé àwọn wá lé àjẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ ló ń ké sí wọn. Ìyá tí wọ́n bá pè ní àjẹ́, tó bá sẹ́, wọ́n á dúńbú adìẹ, wọ́n á fi bó ṣe ṣubú kú dájọ́ rẹ̀. Wọ́n wó ojúbọ òrìṣà, wọ́n sì ń ta obì olóògùn fún ààbò: oògùn ni wọ́n fi ń bá oògùn jà. Ìjọba fòfin dè wọ́n lọ́dún 1951.

Abala 210 nínú ìwé òfin ọ̀daràn gúúsù Nàìjíríà kó ẹni tó pe ara rẹ̀ ní àjẹ́ àti ẹni tó pe ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀ pọ̀ sójú kan: ẹ̀wọ̀n ọdún 2 lè jẹ́ ti àwọn méjèèjì. Ó dùn mọ́ mi nínú, nítorí ẹni tó ké àti ẹni tó pòwe ló jọ ń ta ẹ̀rù fún wa.

Mo sọ fún àbúrò mi pé kí akọni rẹ̀ máa kọ àgbo fún ara tirẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá fẹ́ mu ún, kó jẹ́ kó mu. Idà sì wà fún ẹni tó bá ṣìkà, onídán ni o, jagunjagun ni o.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí, "ìyẹn ò ní mú eré dùn mọ́ o."

Mo ní kó kọ́kọ́ bi ìyá náà ibi tó ń gbé omi lọ.