Ta Ni Ó Ni Omi Tí Oòrùn Ṣe?

Ẹ̀yin òǹkàwé, bí ìkòkò ọbẹ̀ bá ń hó, ẹ ṣí ìdérí rẹ̀ wò. Ẹ ó rí omi tó ń kán lábẹ́ rẹ̀. Ọbẹ̀ ní iyọ̀, ṣùgbọ́n omi yẹn kò ní. Oru ló gòkè, iyọ̀ kò lè bá a gòkè.

Àwọn obìnrin tó ń se iyọ̀ ní Djègbadji, lẹ́bàá Ouidah, mọ èyí. Wọ́n ń se omi oníyọ̀ títí omi yóò fi lọ, wọ́n á kó iyọ̀. A tún lè ṣe òdìkejì: kí a fi iyọ̀ sílẹ̀, kí a kó omi. Oòrùn lè ṣe é láìsí igi ìdáná. A ó bu omi òkun sínú àwo fífẹ̀ tí a kùn ní dúdú. A ó fi dígí tó dagẹ̀rẹ̀ bò ó. Oru á gòkè, á di omi lára dígí, á sì ṣàn sínú ohun tí a fi gbà á.

Ní ọdún 1872, Charles Wilson ṣe irú rẹ̀ ní Las Salinas, nínú aṣálẹ̀ ilẹ̀ Ṣílè, níbi tí omi kànga ti níyọ̀ púpọ̀. Bí oòrùn bá mú, ó ń rí omi tó ju 20,000 lítà lọ lóòjọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ìwakùsà àti àwọn ìbaaka wọn ń mu ún.

Ìbéèrè wa nìyí: kò sí ẹni tó ni oòrùn, kò sí ẹni tó ni òkun. Ṣé ó tọ́ kí ẹni tó ní dígí ta omi náà?

Àwọn kan á ní ẹ̀bùn Ọlọ́run kò ṣeé tà. Ṣùgbọ́n dígí ń fọ́. Iyọ̀ ń dì sínú àwo, ẹnìkan sì ní láti fọ̀ ọ́. Bí a kò bá san nǹkan kan, ta ni yóò tún un ṣe?

Síbẹ̀, dígí tó gùn ní mítà kan, tó sì fẹ̀ ní mítà kan, kì í sábà mú ju lítà 5 wá lóòjọ́. Agbo ilé ńlá nílò púpọ̀. Tálákà kò lè dá a rà. Omi kì í sì í ṣe aṣọ, tí ènìyàn lè ní òun kò rà lọ́dún yìí.

Èrò tèmi ni pé owó iṣẹ́ ni kí a gbà, kí a má gba owó òùngbẹ. Bí omi bá wọ́n nítorí dígí fọ́, owó iṣẹ́ ni. Bí ó bá wọ́n nítorí kànga gbẹ, ẹ bi olómi pé: iṣẹ́ wo lẹ fi kún un? Ẹni tí kò lówó lè pọn omi òkun wá, tàbí kó fọ àwo. Arúgbó àti aláìsàn, ẹ jẹ́ kí wọ́n mu lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ̀yin ńkọ́? Bí ìlú yín bá dá owó jọ ra dígí, iye wo lẹ ó ta omi fún àlejò tí òùngbẹ ń gbẹ? Ẹ bá ara yín sọ ọ́.